Ẹni Tí Yóò Gba Ẹ̀rọ Ìki-ọta Mi

Èmi, Ardith Maria Kangas, opó Eino Kangas, tí ń gbé ní ìpẹ̀kun ọ̀nà Odò Tamarack, ní apá òkè ìpínlẹ̀ Michigan, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Orúnkún mi ti kọṣẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi kò tíì bá a lọ. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Èkíní. Mo yan Delbert Nyberg, aládùúgbò mi, láti rí i pé ohun tí mo wí ṣẹ. Delbert, ẹnu rẹ kì í pa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ mọ́.

Èkejì. Ọkọ̀ ojú omi mi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà létí adágún, mo fi wọ́n fún àbúrò mi, Waino Harju. Waino, a kò tíì jọ jókòó nínú ooru ibẹ̀ láti ọjọ́ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tí o ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ ọlọ́kọ lẹ ń se kọfí fún yẹn o! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ ọ́.” Mo ní kí o lọ mu ti ṣọ́ọ̀ṣì. N kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ṣùgbọ́n máa dáná sí ilé ìwẹ̀ náà nígbà òtútù, nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ tó ń dùn ọ́.

Ẹ̀kẹta. Ilé mi, igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ajá mi, Pilvi, di ti Sylvi, ọmọbìnrin Waino. Pilvi ti dití. Fẹsẹ̀ kilẹ̀ bí o bá fẹ́ pè é. Yóò gbọ́ láti inú ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ìbọn olójú méjì tí Eino fi sílẹ̀, àti ẹ̀rọ ìki-ọta tó wà lórí tábìlì nínú gáréèjì, Sylvi náà ni mo fún.

Ìbọn yìí tóóró lẹ́nu, ọta rẹ̀ kò sì nípọn tó àtàǹpàkò mi. Nígbà tí Eino kú, mo gbé e kọ́ sára ògiri, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù nítòsí tó ń ta irú ọta bẹ́ẹ̀ mọ́. Ruben Savela, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òdìkejì odò, ló wá tún ẹ̀rọ amúlé-gbóná mi ṣe, tó sì rí i. Ó ní, “Kí ni ọmọge yìí ṣe tí o fi í síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá wí?” Mo ní kò sí ọta. Ó tọ́ka sí páálí ẹsẹ̀ ògiri. “Èèpo ọta tí Eino ti yìn ló kún inú ibẹ̀ yẹn. Àwa náà ò lọ́wọ́ ni? A ó tún wọn ki.”

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀rọ náà dé. Sylvi, o kò fọwọ́ kàn án rí, nítorí náà gbọ́ bó ṣe kọ́ mi. Ka ìwé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde, kí o sì tẹ̀ lé e bó ṣe wà gan-an. Irú èèpo tó bá dárúkọ, irú ìṣáná ìdí ọta tó bá dárúkọ, irú ike tó ní kó ya ẹ̀tù sọ́tọ̀ kúrò lára òjé wẹ́wẹ́ tí ìbọn ń yìn jáde, má pààrọ̀ ọ̀kankan. Òṣùwọ̀n ni kí o fi wọn ẹ̀tù, má fojú díwọ̀n rẹ̀ láé. Ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Fi gíláàsì bojú. Èèpo tó bá ti sán lẹ́nu, sọ ọ́ nù. Yọ ìṣáná tó ti jó, fi tuntun sí i. Da ẹ̀tù, ti ike wọlé, da òjé, kí o wá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ láti pa ẹnu rẹ̀ dé. Má kánjú, nítorí nínú ọta kékeré, àṣìṣe tí kò tó nǹkan lè di jàǹbá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ki, ẹnu rẹ̀ kò pa dé dáadáa. Òjé tú sílẹ̀ yáláyàlà, àwa méjèèjì sì ń rá kiri lábẹ́ tábìlì. Ruben ní, “Ardith, àparò igbó ń kí ọ, wọ́n ní o ṣeun.”

Hilja, aya rẹ̀, wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà nígbà náà. Kò mọ Ruben mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Ruben ń lọ fún un lóúnjẹ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń ráyè wá. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tèmi. Ó ní, “Ardith, ká ní ọ̀rọ̀ ò rí báyìí ni…” Mo ní, “Gbọ́wọ́ ẹ, Ruben, ẹ̀tù wà lórí tábìlì.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Waino, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O kò mọ bó ti wù mí tó pé kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a sin Hilja tán, Ruben ní kí n jẹ́ kí yìnyín yọ́ ná, òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ bi mí. Kí yìnyín tó yọ́, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Darlene, ọmọ rẹ̀, gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Arizona, sí apá ibi tí kò sí yìnyín rárá. Títí di òní, n kò mọ ìbéèrè náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Èyí kì í ṣe àṣẹ, Sylvi, ẹ̀bẹ̀ ni. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo máa ń pe Darlene, yóò sì gbé fóònù sí etí bàbá rẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń gbé fóònù tèmi sórí tábìlì, mo ń ki ọta lọ, òun náà ń gbọ́ ìró ọwọ́ ẹ̀rọ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Darlene kígbe pé, “Mọ́mì Ardith, wọ́n ń rẹ́rìn-ín o! Ẹ má dáwọ́ dúró!” N kò sì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà.

Bí mo bá lọ tán, bá mi pe Ruben. Má ṣàlàyé fún un. Bí o bá ti fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ̀ pé ọwọ́ mi kọ́. Bí o bá gbọ́ tó ń sunkún, má pa fóònù. Ki òmíràn.

Mo fọwọ́ sí i ní ilé mi, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2019, nígbà tí ewé ti ń já.

Ardith Maria Kangas

Àwa tí a kò ní ìpín nínú ogún yìí rí i nígbà tó fọwọ́ sí i:
Inez Rautio
Gordon LaCombe