Wọ́n Ní Kí Òkú Wá Gba Owó Tábà

Yúnúsà Àdìó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Mùínàt ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ta aṣọ ní Odoakpu nílẹ̀ Íbò. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tí o fi ń kẹ́rù kọjá Odò Ọya dà ọ́ nù. Ara mi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí, tábà ló sì fà á. Ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ewúrẹ́ ni mo ṣe kọ̀wé, inú ló ń bí mi.

Ìjọba wa tuntun yìí, èyí tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó, ní àwọn yóò fún gbogbo àgbẹ̀ tábà ní owó ìrànwọ́, torí ajílẹ̀ àti igi ìdáná ti gbówó lórí. Mo yọ̀, nítorí òjò ti ń wọ ilé tí mo ti ń fi iná mú ewé tábà gbẹ. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìsẹ́yìn. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀, ọmọdé tí kò tó ọ, ní orúkọ Bẹ̀llò bàbá rẹ ló wà lọ́wọ́ àwọn, kí ó wá gbà á fúnra rẹ̀. Mo ní ó ti di ọdún mẹ́ta tí Bẹ̀llò ti kú. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi tí mo sunkún rẹ̀ ni. Ó ní ìyẹn kò tó. Ló bá gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ bàbá rẹ sí àwọn ará Ìbàdàn. Mo fà á láṣọ, mo ní kó má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu, kò sí ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn ilé wa ni a sin ín sí.

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, owó náà wà ní báńkì, ó ń bímọ níbẹ̀. Àdìó, bàbá rẹ tí o mọ̀, nígbà ayé rẹ̀ sísì kan kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tó wá kú tán ni owó rẹ̀ ń bímọ ní ìgboro. Mo béèrè ẹni tó ń wẹ àwọn ọmọ náà, ó ní kí n lọ mú àwọn tó sin Bẹ̀llò wá jẹ́rìí.

Nígbà tí mo padà lọ, mo mú Lèmọ́mù tó kírun sí òkú rẹ̀ lára dání, àti Ìyàndá aládùúgbò wa tó gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n jẹ́rìí, akọ̀wé gbà, ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èsì tó dé ni pé níwọ̀n ìgbà tí Bẹ̀llò ti kú, òkú kì í gbin tábà, wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, owó náà, tìyá-tọmọ, sì ti padà sọ́dọ̀ ìjọba.

Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì náà, mi ò dìde. Mo ní bí òkú kì í bá gbin tábà, ta ló wá gbin èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i kó wo oje tábà tó ti dúdú mọ́ èékánná mi. Ó wò ó títí, ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. Ó ní tọdún yìí ti bọ́, ṣùgbọ́n òun lè kọ tọdún tó ń bọ̀, kí n sọ orúkọ àgbẹ̀. Mo ní Ìyá Yúnúsà. Ó ní Yúnúsà kọ́ ló ni ọwọ́ yìí, orúkọ tèmi ni òun ń béèrè. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ mọ́. Mo ronú díẹ̀, mo ní Àìṣát. Ó kọ ọ́. Ìyàndá ní òun kò mọ̀ pé mo lórúkọ.

Nítorí náà, fi owó páànù ránṣẹ́ kí òjò tó dé, mi ò lè dúró de ìjọba. Kí o sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní Yorùbá. Nígbà tí ẹ wá ṣe Iléyá, èyí kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké sí mi pé bíá, bíá, mo ní a kì í mu bíà nínú ilé yìí. Mùínàt ní “máa bọ̀” ni lédè Íbò, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ti gbọ́.

Ọlọ́hun yóò ṣí ọjà fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ìwọ kò ní sin wọ́n, ìjọba kò sì ní ránṣẹ́ pè ọ́ lẹ́yìn tí o bá ti kú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àìṣát, àgbẹ̀ tábà.