Àkúdàáyà Kì í Kọ Ibi Tó Wà Síta

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọ̀fọ̀ tí kò ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi. Mo kí Àǹtí Sáríyù, àbúrò Bàbá, lọ́tọ̀, torí mo gbọ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ké láàárín agbo ilé pé mo ti kú. Èmi Múínátù yín náà ni mò ń kọ̀wé yìí. Orí ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Agége ni mo kọ ọ́ sí, níbi tí wọ́n ti pa mí, kí gbogbo ayé lè kà á.

Inú mi dùn, Màmá! Inú mi dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọgbà, bí òjò tilẹ̀ ń jò sí mi lọ́rùn. Kí n tó lọ́kọ, mo lè wà láti Mọ́ńdè dé Sátidé kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá mo jẹun. Ní báyìí, Táófíìkì ọkọ mi á ti ibi tó ti ń tún fíríìjì ṣe ní Dópẹ̀mú dé, kò tíì bọ́ bàtà, á ti bi mí. Ṣé òkú ló ń jẹ irú ìgbádùn yìí?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn nikáì wa, mo fi fọ́tò èmi àti ọkọ mi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kó gbé e sórí ìkànnì. Ìkànnì wo, Màmá! Ojú ewé kìíní, Alága lórí àga. Ojú ewé kejì, Alága náà, fìlà mìíràn. Ojú ewé kẹta ni wọ́n pè ní Ó Dàárọ̀ O, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tó kú sí. Ibẹ̀ nìkan ni akọ̀wé mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan sí. Àyè ibẹ̀ kò sì gbà ju orí kan lọ, ló bá gé ọkọ mi dànù, ó gbé èmi nìkan síbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ rántí pé ẹ pè mí lọ́jọ́ tí ẹ rí fọ́tò náà. Ẹ ò kí mi. Ẹ ní ta ló ń fi ohùn Múínátù sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n dárúkọ igi tí mo já bọ́ lórí rẹ̀ ní kékeré, mo ní àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni. Mo gbọ́ Àǹtí Sáríyù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n ní àkúdàáyà náà máa ń rántí igi. Mo ní kí ẹ wo ojú mi lórí fóònù, wọ́n ní àkúdàáyà lójú. Wọ́n ní ṣebí Èkó ni òkú ń sá lọ láti lọ lọ́kọ níbi tí ẹnìkan ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bú sẹ́kún, ẹ pa fóònù. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, ẹ kì í gbé e.

Èmi àti Táófíìkì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ní ìpàdé. Akọ̀wé bi mí bóyá mo kú. Ó ní bí mi ò bá kú, kí ni mò ń pariwo sí, pé alààyè mélòó ni ojú rẹ̀ dé orí ìkànnì rí. Alága ń fi fìlà fẹ́ra wọn, wọ́n ní àwọn ìyàwó ìwòyí ò ní sùúrù. Àwọn èèyàn yìí! Wọ́n dà bí ẹni kọ́ ilé olókè, tó wá so ewúrẹ́ kan ṣoṣo sínú rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé ọmọ ìlú wa kan tó wà ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun wá ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ amúntutù ṣe. Ó ṣí ìkànnì wa, òkú àti fìlà ló bá níbẹ̀, ló bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, ọkọ mi sì jókòó sí Dópẹ̀mú. Mo ní gbogbo ẹni tó kú ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ ẹnì kan nínú àwa tó wà láyé. Ìyá Sùlè, olórí àwọn obìnrin, ló fọhùn. Wọ́n ní kí akọ̀wé fún òkú ní pásíwọ́ọ̀dù ìkànnì, ó jọ pé orí òkú pé ju ti alààyè lọ. Akọ̀wé wolẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, ó yọ bébà kan tó kọ ọ́ sí.

Èmi oníwèé mẹ́wàá jókòó ti ìkànnì náà. Mo gbé Alága sísàlẹ̀. Wọ́n ní mo rí àwọn fín. Mo kọ orúkọ wẹ́dà wa, kápẹ́ńtà wa, onídìrí wa, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà àti nọ́ńbà wọn. Mo kọ ọkọ mi. Mo kọ ara mi, mo sì dá orí Táófíìkì padà sínú fọ́tò wa. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n pè é láti Oregun.

Ó yá, Màmá, ẹ bá mi bi Àǹtí Sáríyù. Ṣebí bí àkúdàáyà bá fojú kan ará ìlú rẹ̀, ṣe ló ń sá? Èwo nínú wọn ló ń kọ ibi tó wà síta kí ará ìlú lè wá a? Ará ìlú wa mẹ́ta ti tọ ìkànnì yìí dé ọ̀dọ̀ mi ní Ọgbà. Mi ò sá. Mo fi téèpù wọn ọmọ wọn, mo rán aṣọ fún wọn.

A ń bọ̀ nílé lọ́dún Iléyá, èmi àti àna yín. Bí mo bá kanlẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Gbogbo àwọn tó wá bá yín kẹ́dùn, ẹ pè wọ́n padà, kí wọ́n wá kí yín kú oríire. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó gbọ́mọ pọ̀n. Ẹ kí Bàbá, ẹ kí tọmọdé tàgbà agbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó wà láàyè,
Múínátù.