Ó Ti Tutù

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ètò tí mo ní mò ń ṣe fún àwọn àlejò wa ti parí, ó sì yọrí sí rere.

Àgbà onímọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa, Bàbá Yìnyín là ń pè é, ló fẹ́ fi hàn wọ́n pé bí àwo dúdú kékeré kan bá tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, mágínẹ́ẹ̀tì á sì dúró lófuurufú lókè rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fún un. Ó lo mẹ́wàá.

Mo ní, "Bàbá, ṣé òkúta lẹ̀ ń sè ni?"

Ó ní, "Ọ̀gá Kíákíá, ó ti tutù."

Nílé wa, tí ẹ bá ní ìkòkò ti tutù, àṣẹ àtigbé e nìyẹn. Mo fi ọwọ́ lásán gbé àwo náà.

Ó pariwo, "Mo ní ó ti tutù!"

Mo ní, "Mo gbọ́ o!"

Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì náà dúró lófuurufú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí. Ẹ má ṣàníyàn. Láàárọ̀ yìí, dókítà ní kí n máa wo fèrèsé, kí n sọ̀rọ̀ tí abẹ́rẹ́ bá ti kan ìka mi. Mo dúró títí, mo ní kó ṣe kíá. Ó ní òun ti gún gbogbo wọn tán. Ẹ ò rí i, Màmá, kò tiẹ̀ dùn mí rárá!

Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì kí àwọn àbúrò mi dáadáa.

Ọmọ yín ni.