Àga Tí O Fi Okùn Dì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa níhìn-ín kò ṣàìsàn, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, méjì ló bí, ọ̀kan ya oníwàhálà. Ìyẹn ni ti ilé.

Fọ́tò tó ń rìn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù télọ̀ dé. Télọ̀ gbé e ka orí máṣíìnì rẹ̀, gbogbo wa pé lé e lórí. Yéè! Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n dè mọ́ àga, tí irin gbé wọn lọ sókè, tó dorí wọn kodò, tí wọ́n ń ké bí ẹni tí ilé ń jó. Mo pariwo mọ́ fóònù náà pé ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí ni wọ́n jí? Ìyá rẹ ní kí n dákẹ́, ó ní aláìsàn ni wọ́n, pé oògùn ni wọ́n lò tí wọ́n fi ń mì wọ́n, kó lè dà pọ̀ dáadáa nínú wọn. Ìgbà tí télọ̀ rẹ́rìn-ín tán ló ní ọgbà ìgbafẹ́ tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni, pé owó ni wọ́n san, pé wọ́n tún tò nínú oòrùn kó tó kàn wọ́n. Ẹ̀rù ni wọ́n ń rà! Èmi tí mo ti ń gbẹ́ kànga kí n tó nírùngbọ̀n, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rù ń bà mí.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn o, mi ò ní í purọ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ìyá àgbà kan tiẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún gbé òun lọ. Mo sì rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ìwọ lò ń tẹ bọ́tìnì tó ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Mo ní iṣẹ́ wa náà ló ń ṣe, ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Àṣé ẹnu mi ti yá jù. Ohùn rẹ tó tẹ̀ lé e ló bà mí nínú jẹ́. O ní bẹ́líìtì àga kan kò há mọ́, o sọ fún ọ̀gá yín, ọ̀gá ní ọjọ́ ìsinmi ni, èrò pọ̀, kí o wá okùn fi dì í. O sì dì í. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́! Mo bi ọ́ nínú fóònù pé ọmọ ta lo gbé jókòó síbẹ̀, o kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tìrẹ lò ń sọ lọ. Mo ní kí télọ̀ dá ọ padà sẹ́yìn, o tún sọ ohun kan náà. Mo ní kó tún un ṣe, mo rò pé tó bá yá wàá ní baba rẹ lò ń bá ṣeré. O kò sọ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ní kí n kúkú pè ọ́ lórí fóònù náà. Mo ní rárá, mo ti bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, o kò gbọ́, lẹ́tà ni mo máa kọ, awakọ̀ ló máa mú un bọ̀.

Ìwọ! Ìwọ tó wà létí kànga lọ́jọ́ tí okùn já tí àbúrò mi já bọ́ sísàlẹ̀! Onílẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ rí omi kí ilẹ̀ tó ṣú, kò jẹ́ kó dúró dè mí kí n wá yẹ okùn wò. Èmi pẹ̀lú rẹ la fà á jáde. Aṣọ funfun tí a fi sin ín ni onílẹ̀ fún wa, onílẹ̀ ń mu omi kànga náà títí dòní.

Mi ò bínú sí ọ̀gá rẹ tó bí mo ṣe bínú sí ọ, torí òun kò mọ okùn. Ní iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá so okùn, òun tàbí ẹni tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé ara lé e.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti àlọ nìkan. Mo ń bọ̀ wá jókòó sórí àga yẹn. Ìwọ ni kí o fi okùn rẹ dì mí, ìwọ ni kí o tẹ bọ́tìnì. Bí ìka rẹ bá lè tẹ̀ ẹ́, máa gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ó tó gẹ́ẹ́, owó àbọ̀, a ó jọ wá a.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó dé, kí Ọlọ́run bá mi di òun náà mú.

Èmi ni baba rẹ.