Bàtà Iléyá Yín Ti Dé

Agúntáṣọọ́lò, ọkọ mi,

Mo ti lọ Gbági. Bàtà Iléyá tí ẹ̀gbọ́n yín, olówó orí mi, fi ránṣẹ́ láti Kánò ti dé! Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín.

Onílẹ́tà tó gbé e wá láàárọ̀ ní àfi kí n dárúkọ ẹni tó ni ín. Mo ní, “Agúntáṣọọ́lò ni.” Ó ní kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ lára ẹrù. Ìyàwó ilé wo ló ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Ó ti yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ padà sọ́nà Bẹẹrẹ kí n tó sáré dì í mú. Mo já pẹ́ńsùlù etí ẹ̀ gbà, mo kọ orúkọ yín gàdàgbà. Ẹ̀rín pa á, ó gbé e fún mi.

Ẹ má sọ fún Ìyá o! Bí wọ́n bá sì gbọ́, ẹnu ni wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi pè yín, wọn ò sọ ti ọwọ́.