Obìnrin Tó Ń Bomi Rin Oko Wa

Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta,
Oṣù Kejì, 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàlàhúdíìnì,

Àsàláámù àlàékúmù. Ẹ kú òtútù Jámánì, ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá wa ti yá, orúnkún nìkan ló ṣì ń dùn wọ́n. Bùsírátù ọmọ mi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

A ti gbé ẹ̀rọ omi tí ẹ fi ránṣẹ́ sí oko ẹ̀fọ́ wa létí odò Ògùn. Ẹ ní wáyà inú ilẹ̀ ni yóò mọ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ẹ̀rọ yóò sì tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tan rárá, nítorí ilẹ̀ ń tutù ṣáá nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. A rò pé ó ti bàjẹ́. Ni bàbá Bùsírátù bá gbé fíìmù kámẹ́rà tí ẹ fi kún ẹ̀rọ náà, tó ń dá ya fọ́tò ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, lọ fọ̀ ní Òkè-Ìlèwó.

Obìnrin kan wà nínú àwọn fọ́tò náà, ó ń fi korobá bomi rin ẹ̀fọ́.

“Ta nìyí?” ni mo bi bàbá Bùsírátù.

Wọ́n wò mí títí. “Ìyá Bùsírátù, ìwọ ni.”

Aṣọ mi ni, ojú mi ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò rántí pé mo lọ síbẹ̀ rárá. Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni, yóò sì máa le sí i. Lánàá, mo béèrè lọ́wọ́ Bùsírátù pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé lọ́dún yìí, kí n má baà kí yín bí àlejò.

Àbúrò yín,
Sìlífátù