Fíìmù Atukọ̀ Tó O Fẹ́ Dá Lẹ́jọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì máa ń dùn mí tí mo bá pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n kò ju agbára mi lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn àti ẹni tó jí kò ní gbójú kúrò lára rẹ.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe adájọ́ fíìmù. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, òun náà sì ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ tí òun àti ẹ̀gbọ́n òun ń fà. Ohun tí kò yé mi ni ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn fíìmù náà ṣẹ̀. O ní àwọn tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ni, àti àwọn tó ń sọ ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí, pé ẹ ó wò wọ́n, ẹ ó sì sọ èyí tó dáa jù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fún ọ ní irun funfun tí àwọn adájọ́ máa ń dé, kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, torí o ò mọ ẹni tó dé e kẹ́yìn.

Èyí tó o fi ránṣẹ́, tí wọ́n ṣe láti inú ìwé tí olóògbé tíṣà àgbà àdúgbò wa kọ lórí omíyalé ọdún tí mo ṣì ń pọ̀n ọ́, a ti wò ó. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ la ti wò ó lọ́sàn-án Sátidé, torí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tóbi. Òbìrìkìtì kan ló kọ́kọ́ ń yí lójú rẹ̀, a jókòó jẹ́ẹ́, a ń wò ó, mo rò pé bí omi ṣe ń yí ni wọ́n fẹ́ fi hàn wá, àfi ìgbà tí onígbàjámọ̀ ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Ẹni tó ṣe atukọ̀ nínú rẹ̀, mo rí i tí wọ́n sin ín nínú fíìmù mìíràn lọ́dún tó kọjá. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá.

Opó atukọ̀ tí ìwé náà sọ ìtàn rẹ̀ gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tíṣà àgbà ti ka ìwé náà sí i létí nígbà ayé rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sórí. O mọ bí ìwé náà ṣe sọ ọ́: ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó wa sá fún omi, wọ́n so ọkọ̀ kékeré tí àbúrò ọkọ náà fi ń kó ẹrù wa mọ́ ẹ̀yìn tiwa, okùn já, omi gbé àbúrò lọ. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo pọ̀n ọ́, mo sì fi ìborí mi bò ọ́. Nínú fíìmù, okùn ò já o! Atukọ̀ yọ ọ̀bẹ, ó gé e. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọtí.

Mo dìde, mo pariwo pé irọ́ ni, pé èmi wà níbẹ̀, pé ṣé torí kí fíìmù lè dùn ni wọ́n ṣe ń ba orúkọ òkú jẹ́. Mo ní kí onígbàjámọ̀ gbé fọ́ọ̀mù orí fóònù tó o ní kí n fi sọ bí mo ṣe rí fíìmù náà wá, mo fi àtàǹpàkò kan tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù pé mi ò gbà. Ó lọgun pé ìràwọ̀ ló yẹ kí n tẹ̀. Ìràwọ̀ wo, lọ́sàn-án gangan?

Opó ò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí láṣọ, ó ní kí n jókòó, pé iwájú ni mo kọjú sí lọ́jọ́ náà, mi ò rí ẹ̀yìn. Ó ní ọkọ òun gé e. Omi ti kún inú ọkọ̀ kékeré, ó sì ń fa ọkọ̀ ńlá lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ ńlá náà. Ó ní òun nìkan lọkọ òun sọ fún, òun ló sì bẹ tíṣà àgbà kó kọ ọ́ pé okùn já.

Ọmọ mi, mo jókòó. Gbogbo ọdún tá a fi ń yìn ín, tó máa ń dìde kúrò láàárín wa, ìrẹ̀lẹ̀ la rò pé ó jẹ́. Ta ló wá sọ fún àwọn oní fíìmù? Kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n kàn fẹ́ kó dùn ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Mi ò mọ̀ pé irọ́ mìíràn ló máa gbé òótọ́ náà wá.

Mo bi í pé ṣé fíìmù náà wá dáa ju ìwé lọ ni. Ó ní rárá, pé wọ́n ṣèèṣì sọ ohun tó ṣe, wọn ò mọ bó ṣe dùn ún. Ó ní ọkọ òun ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tá a ti lọ, ó jókòó sétí omi, ó di ọ̀bẹ mú, títí òun fi bá a tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tu ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ó ní tíṣà tó parọ́ yẹn gan-an ló kọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà sínú ìwé.

Èmi aránṣọ mọ̀ pé aṣọ ò ṣeé rán láìgé, torí náà mi ò bínú pé wọ́n gé ìwé. Ṣùgbọ́n ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ la fi ń wọn aṣọ, wọn ò sì wá wọn ẹnikẹ́ni níbí. Tó o bá ń dájọ́, má kàn wò ó pé ṣé ó bá ìwé mu. Béèrè pé ta ni wọ́n bi léèrè.

Opó ló ní kí n kọ gbogbo èyí sí ọ, pé òun ti dàgbà jù láti máa dá a rù. Ó fẹ́ rí ẹni tó ṣe fíìmù náà lójúkojú, kẹ́ ẹ tó dìbò. Nítorí náà, fi owó mọ́tò èèyàn méjì ránṣẹ́, àlọ àtàbọ̀, kó o fi díẹ̀ lé e fún epo ẹ̀rọ mi. Má fi í sí báǹkì o. Lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo wà láàyè, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dúró níwájú wọn. Fún awakọ̀ mú bọ̀.

Ọwọ́ rẹ ò ní ṣì. Tó bá sì ṣì, wàá rí ẹni tí wàá sọ ọ́ fún, kò sì ní pẹ́ kó o tó sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.